Ìdílé ta ni ọ́tísíìmù ti wá? Ẹ̀yin òbí Ìbàdàn, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá Àkànní (Sàńgó)

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin òbí ẹgbẹ́ mi. Ó ti tó oṣù mẹ́ta tí mo ti ń ka ohun tí ẹ ń kọ síbí láì dá sí i, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti kún mi lọ́fun báyìí.

Ọmọkùnrin mi ti pé ọmọ ọdún mẹ́rin. Kì í pè mí ní màámi. Kì í nàka sí ohun tó bá fẹ́, ọwọ́ mi ló máa ń fà lọ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá ti wọ Míkírà láti Sàńgó, ohùn awakọ̀ ni yóò máa tún sọ títí a ó fi délé: "Dùgbẹ̀, Dùgbẹ̀! Ẹ wọlé pẹ̀lú ṣéńjì yín!" Á dún gẹ́lẹ́ bíi ti awakọ̀ yẹn. Nínú ilé, ìdérí ìgò mínírà ló máa ń tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, pupa méjì, àwọ̀ ewé kan, pupa méjì, àwọ̀ ewé kan. Bí ẹnikẹ́ni bá yí ọ̀kan padà, ẹkún dé nìyẹn.

Oṣù tó kọjá ni dókítà sọ fún wa pé ọ́tísíìmù ni, pé bí ọpọlọ rẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́ ló yàtọ̀ sí ti ọmọ yòókù. Mo ti ń fura tẹ́lẹ̀, torí náà mi ò sunkún níbẹ̀. Ilé ni mo ti sunkún. Ìyá ọkọ mi ní irú ẹ̀ kò sí nínú ìran àwọn rí, pé kí n lọ bi àwọn ará ilé mi. Wọn ò pariwo. A jọ ń ṣa ẹ̀wà ni, wọ́n sọ ọ́, wọ́n sì ń ṣa ẹ̀wà wọn lọ. Ohun tó wá ń jẹ mí lọ́kàn ni pé mo ní àbúrò ìyá mi kan, ọkùnrin, tí kò sọ̀rọ̀ títí ó fi pé ọmọ ọdún mẹ́fà. Kò fẹ́yàwó, rédíò ló ń tún ṣe, rédíò náà ló sì ń bá ṣọ̀rẹ́. Mi ò tíì sọ èyí fún ọkọ mi, mi ò sì sọ ọ́ fún dókítà. Ṣé ọ̀dọ̀ wa ló ti wá lóòótọ́?

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi tó wà ní London ní wọ́n ń ta ohun kan tí wọ́n fi ń gba itọ́ ẹnu, pé òun lè fi ránṣẹ́ kí a fi mọ jíìnì, ìyẹn ohun inú ara tí òbí ń fi fún ọmọ, tó fà á. Owó rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Ṣé kí a ṣe é? Mo sì tún fẹ́ bí òmíràn. Ìyẹn gan-an ni mi ò lè bi ẹnikẹ́ni léèrè lójúkojú.

Nọ́ọ̀sì Ọmọdé (Mọ́kọ́lá)

Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Ìyá Àkànní. Ó dáa tí ẹ sọ ọ́ jáde.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí gbogbo wa mọ̀, ìyẹn jẹ́nótáìpù. Kí ṣọ́ọ̀ṣì tó so yín pọ̀, wọ́n á ní kí ẹ mú ìwé rẹ̀ wá. Bí ọkọ bá jẹ́ AS, tí ìyàwó jẹ́ AS, nínú oyún kọ̀ọ̀kan, 25 nínú 100 ni kí ọmọ jẹ́ SS. Jíìnì kan ṣoṣo ni, a mọ ibi tó wà, a sì mọ ẹni tó gbé e wá. Èyí ló mú kí àwọn èèyàn wa rò pé gbogbo ohun tó bá ti wà nínú ẹ̀jẹ̀, bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń ṣiṣẹ́. Ọ́tísíìmù kò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Ìwádìí ńlá kan tó jáde ní 2020 ka jíìnì 102 tí ìyípadà inú wọn lè mú un wá, wọ́n sì ti rí òmíràn lẹ́yìn ìgbà náà. Iṣẹ́ púpọ̀ nínú wọn ni bí ọpọlọ ọmọ inú ṣe ń dàgbà àti bí àwọn iṣan inú rẹ̀ ṣe ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Síbẹ̀, lára ọ̀pọ̀ ọmọ, kì í ṣe jíìnì kan tó yàtọ̀ gedegbe. Ìyàtọ̀ tínńtín lóríṣiríṣi ni, irú èyí tí èmi àti ẹ̀yin ń gbé kiri láì mọ̀, díẹ̀ láti ọ̀dọ̀ bàbá, díẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ìyá, tí wọ́n wá kó ara wọn jọ sára ọmọ kan. Ẹ wo gíga ọmọ. Ta ló lè sọ pé ọ̀dọ̀ ẹnì kan ṣoṣo ni gíga ọmọ òun ti wá?

Òmíràn sì wà tí kò ti ọ̀dọ̀ bàbá tàbí ìyá wá. Nígbà tí àtọ̀ tàbí ẹyin ń di ohun tó máa di ọmọ, ìyípadà tuntun máa ń wọ̀ ọ́, tí kò sí lára òbí kankan. Gbogbo wa ni a ní díẹ̀ nínú rẹ̀. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Iceland ní 2012 fi hàn pé bí ọjọ́ orí bàbá bá fi ọdún kan lé sí i, bíi méjì ni ìyípadà tuntun tó ń kún èyí tí yóò fi fún ọmọ. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kì í pa ẹnikẹ́ni lára.

Ní ti àbúrò ìyá yín, ó ṣeé ṣe kí ó ní ọwọ́ nínú rẹ̀. Mi ò ní tàn yín. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fara balẹ̀ wo ilé ọkọ yín náà, ó ṣeé ṣe kí ẹ rí ẹni tí kì í fẹ́ kí wọ́n gbé ṣíbí òun kúrò níbi tó fi sí.

Ẹ jọ̀wọ́, ṣé wọ́n ti yẹ etí ọmọ náà wò? Ṣé ó sunkún lójú ẹsẹ̀ tí ẹ bí i, ṣé kò ní ibà pọ́njú tó le? Ẹ rí i pé àwọn èyí wà nínú káàdì rẹ̀ kí ẹ tó ná kọ́bọ̀ kan lórí itọ́.

Bàbá Ìbejì (Àpáta)

Ọmọ Igbó-Ọrà ni mí, ẹ sì mọ̀ pé ìbejì ni tiwa. Èmi náà bí wọn, ọkùnrin àti obìnrin, wọ́n ti pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Táyé ní ọ́tísíìmù, Kẹ́hìndé kò ní. Inú kan náà, ọjọ́ kan náà, ọmú kan náà. Ẹnu kò dákẹ́ lórí wa. Wọ́n ní àwọn kan ti pààrọ̀ orí Táyé. Ìyá mi fúnra wọn ló mú un lọ síbì kan tí mi ò ní dárúkọ, wọ́n so ó mọ́lẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, wọ́n ní kó gbààwẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni nígbà náà. Títí di òní, bí mo bá ń wọ ìbọ̀sẹ̀ fún un, mo máa ń rí àpá yẹn lọ́rùn ẹsẹ̀ rẹ̀.

Dókítà kan ló jókòó tì mí, tó ṣàlàyé. Ó ní ìbejì pín sí ọ̀nà méjì: àwọn tí ẹyin kan ṣoṣo pín sí méjì, tí àbùdá wọn jẹ́ ọ̀kan náà, àti àwọn tí ẹyin méjì bí, tí wọn kò ju ẹ̀gbọ́n àti àbúrò lọ. Dókítà Nylander tó ṣèwádìí ìbejì ní Ìbàdàn àti Igbó-Ọrà nígbà ayé ọjọ́un ti fi hàn pé ẹlẹ́yin méjì ló pọ̀ jù nínú ìbejì tiwa. Tèmi tí wọ́n jẹ́ akọ àti abo kò tiẹ̀ ní àríyànjiyàn nínú.

Ara ìbejì ni wọ́n ti kọ́kọ́ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí wà nínú àbùdá. Ní 1977, Susan Folstein àti Michael Rutter ní London kó ìbejì 21 jọ tí ọ̀kan nínú wọn, ó kéré tán, ní ọ́tísíìmù. Nínú ìbejì ẹlẹ́yin kan 11, mẹ́rin ni àwọn méjèèjì ti jọ ní in. Nínú ti ẹlẹ́yin méjì 10, kò sí ìkankan. Ní 2019, ìwádìí kan kó ọmọ tó ju mílíọ̀nù méjì lọ jọ láti orílẹ̀-èdè márùn-ún, wọ́n sì sọ pé bíi 80 nínú 100 ìyàtọ̀ tó wà láàárín ẹni tó ní in àti ẹni tí kò ní in ló wá láti inú àbùdá. Ẹ má ṣi èyí gbọ́ o. Kò túmọ̀ sí pé 80 nínú 100 ọmọ yín ni yóò jogún rẹ̀. Èmi ṣì í gbọ́ fún odidi ọdún kan, mi ò sì súnmọ́ ìyàwó mi.

Àdùkẹ́ Challenge

Ṣé kì í ṣe abẹ́rẹ́ àjẹsára ni? Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi gba ti èéyi, kò pẹ́ sí i ló dákẹ́. Wọ́n sì tún ń sọ pé Panadol tí aláboyún ń lò wà nínú rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Ọmọdé (Mọ́kọ́lá)

Àdùkẹ́, ẹ ṣeun tí ẹ béèrè, torí ọ̀pọ̀ ń rò ó láì sọ ọ́. Ọ̀gbẹ́ni Wakefield ló gbé ti àjẹsára jáde ní 1998, lórí ọmọ 12 péré. Ìwé ìròyìn ìmọ̀ ìṣègùn tó tẹ̀ ẹ́ fà á padà ní 2010, wọ́n sì gba ìwé àṣẹ iṣẹ́ dókítà lọ́wọ́ rẹ̀. Ní Denmark, wọ́n tọpa ọmọ 657,461, àbájáde rẹ̀ jáde ní 2019, kò sí ìyàtọ̀ láàárín ẹni tó gba abẹ́rẹ́ àti ẹni tí kò gbà. Oṣù kẹsàn-án àti oṣù kẹẹ̀ẹ́dógún la máa ń fún ọmọ ní ti èéyi ní Nàìjíríà. Àsìkò yẹn náà ni ọ̀rọ̀ ẹnu ọmọ máa ń yẹ kó bẹ̀rẹ̀, ìgbà náà ni òbí máa ń ṣàkíyèsí pé kò bẹ̀rẹ̀. Èéyi ń pa ọmọ, mo ti rí i ní wọ́ọ̀dù.

Ti Panadol, Sweden wo ọmọ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù méjì ààbọ̀, ó jáde ní 2024. Nígbà tí wọ́n fi ọmọ ìyá kan wé ara wọn, èyí tí ìyá lo oògùn nínú oyún rẹ̀ àti èyí tí kò lò, ìyàtọ̀ kò sí mọ́. Kí aláboyún má fi ibà gbígbóná sílẹ̀ láì tọ́jú.

Ọmọ Làábù (Agbowó)

Ẹ kú iṣẹ́ òbí, àǹtí. Inú làábù ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ọ̀rọ̀ DNA, ìyẹn ohun tí a fi ṣe jíìnì, ni mò ń bá yí lójoojúmọ́.

Ẹ má ra ohun ìgbatọ́ yẹn. Àwọn ibi kéréje tí wọ́n ti yàn sílẹ̀ ni irú rẹ̀ ń kà nínú DNA. Wọ́n lè sọ fún yín pé ẹ jẹ́ Yorùbá, èyí tí ẹ ti mọ̀. Kò sí àyẹ̀wò itọ́ tàbí ẹ̀jẹ̀ tó lè sọ pé ọmọ kan ní ọ́tísíìmù tàbí kò ní in. Wíwo ọmọ fúnra rẹ̀, bó ṣe ń ṣeré, bó ṣe ń bá èèyàn lò, ni dókítà fi ń mọ̀ ọ́n.

Èyí tí àwọn dókítà òkè òkun máa ń kọ fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Ọ̀kan ń wá ibi tí ègé kírómósóòmù ti sọnù tàbí tó ti di méjì, nínú ọmọ 100, ó máa ń rí nǹkan kan lára bíi 10. Òmíràn ni ti Fragile X, àrùn àbùdá kan tó lè mú ọ́tísíìmù wá. Òmíràn tún ń ka gbogbo jíìnì pátá. Ọmọ tí mo rò pé ó yẹ kí òbí rẹ̀ sáré wá owó rẹ̀ ni èyí tí gìrì tàbí wárápá ń mú, tí orí rẹ̀ tóbi ju ti ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, tó ní àmì funfun bí ewé lára awọ, tí wọ́n bí pẹ̀lú àìsàn ọkàn, tàbí tó ti mọ̀ ọ́n rìn kó tó di pé ó gbàgbé. Nítorí pé àbájáde lè yí ìtọ́jú padà. Bó bá jẹ́ jíìnì TSC1 tàbí TSC2 ló yí padà, wọ́n á máa yẹ kíndìnrín rẹ̀ wò. Bó bá jẹ́ jíìnì PTEN, wọ́n á máa ṣọ́ jẹjẹrẹ. Àrùn Rett, tó sábà máa ń mú obìnrin, jíìnì MECP2 ló fà á, ọdún 1999 ni wọ́n rí i nínú làábù Huda Zoghbi, Amẹ́ríkà sì fọwọ́ sí oògùn àkọ́kọ́ fún un ní 2023.

Àǹtí, ẹ wá gbọ́ èyí dáadáa. Ọmọkùnrin ni Àkànní, àbúrò ìyá yín sì ni ọkùnrin yẹn. Fragile X máa ń gba ọ̀dọ̀ obìnrin kọjá, ó lè máà hàn lára obìnrin náà, kó wá hàn lára ọmọkùnrin. Mi ò sọ pé òun ni o, ẹni tó ń tún rédíò ṣe tó ń jẹun nídìí rẹ̀ lè máà ní i rárá. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹ ń fi pamọ́ fún dókítà yẹn gan-an ni dókítà nílò láti mọ àyẹ̀wò tó yẹ kó kọ. Ẹ sọ fún un.

Nǹkan kan tún wà tó ń dùn mí. Láàárín 2002 sí 2005, nígbà tí wọ́n ń ṣe International HapMap Project, ìwádìí àgbáyé tó wo bí DNA èèyàn ṣe yàtọ̀ síra, Ìbàdàn níbí ni wọ́n ti gba ẹ̀jẹ̀ Yorùbá 90, ìdílé 30, bàbá, ìyá àti ọmọ. Charles Rotimi, onímọ̀ àbùdá ọmọ Nàìjíríà, wà lára àwọn tó darí bí wọ́n ṣe bá àwọn ará àdúgbò sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó gbà á. Títí di òní, onímọ̀ àbùdá ní Tokyo tàbí Boston tó bá ṣí kọ̀ǹpútà rẹ̀ yóò rí lẹ́tà mẹ́ta, YRI: Yorùbá ní Ìbàdàn. Ní 2008, odidi DNA ọkùnrin kan nínú wọn wà lára àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ kà tán láyé. Síbẹ̀, nínú àwọn tí wọ́n ti ka jíìnì wọn nítorí ọ́tísíìmù, àwọn tí baba ńlá wọn ti Yúróòpù wá ló pọ̀ jù. Torí náà, bí ọmọ wa bá ṣe àyẹ̀wò, wọ́n sábà máa ń rí ìyípadà kan tí wọn ò ní lè sọ bóyá òun ló fà á tàbí ó kàn wọ́pọ̀ láàárín Yorùbá. Ẹ múra ọkàn yín sílẹ̀ fún irú ìdáhùn bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni, kì í ṣe bẹ́ẹ̀ kọ́.

Olùkọ́ Fẹ̀yìntì (Òkè-Àdó)

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú ìjíròrò. Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ tó nílò àkànṣe ẹ̀kọ́.

Ìyá Àkànní, ẹ̀bi tí wọ́n gbé kọ́ yín lọ́rùn yìí kò bẹ̀rẹ̀ ní ilé wa. Ní 1943, Dókítà Leo Kanner ní Baltimore kọ nípa ọmọ 11. Òun fúnra rẹ̀ sọ pé ó jọ pé wọ́n bí i mọ́ wọn ni. Ṣùgbọ́n ó tún kọ ọ́ pé àwọn òbí wọn kì í yá mọ́ ọmọ, gbólóhùn yẹn sì ni àwọn ẹlòmíràn gbá mú. Ó ju ogún ọdún lọ tí wọ́n fi ń sọ fún àwọn ìyá ní Amẹ́ríkà pé ọkàn wọn ló tutù, òtútù ọkàn wọn ló dì mọ́ ọmọ lára. Ìyá fìríìjì ni wọ́n ń pè wọ́n. Ohun tí wọ́n ń pè ní àjẹ́ níbí ni wọ́n ń pè ní fìríìjì lọ́hùn-ún. Bernard Rimland, bàbá ọmọ kan tó ní in, ló kọ̀wé ta kò ó ní 1964, kí ọ̀rọ̀ ìbejì tí Bàbá Ìbejì sọ tó wá fìdí rẹ̀ múlẹ̀.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé àwọn kan á gba ẹ̀bi kúrò lọ́rùn àjẹ́, wọ́n á gbé e kọ́ ẹ̀jẹ̀ ìyá lọ́rùn. Mo ti rí i. Ìwé dókítà ni ọkọ kan fi lé ìyàwó rẹ̀ jáde níwájú mi.

Nítorí náà, ẹ má bá ìyá ọkọ yín jiyàn jíìnì. Ọkọ yín ni kó lọ bá wọn. Kó ní, "Màmá, dókítà ní ọ̀dọ̀ àwa méjèèjì ló ti wá. Bí ẹ bá fẹ́ bínú, èmi ni kí ẹ bínú sí." Ẹnu ọmọ wọn ni wọ́n ti lè gba irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ní ti Àkànní, "Dùgbẹ̀, Dùgbẹ̀" yẹn kì í ṣe ariwo. Ọ̀rọ̀ tó ní lọ́wọ́ nìyẹn. Ẹ wá páálí ńlá kan, ẹ ya Míkírà sí i lára, kí ẹ gé ilẹ̀kùn sí i. Bó bá ti ní "ẹ wọlé", ẹ wọlé lóòótọ́. Bó bá ní "ṣéńjì", ẹ fún un ní ìdérí ìgò kan. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ẹ dúró síta kí ẹ má wọlé, ẹ kàn wò ó lójú títí yóò fi pè yín. Ọmọ tó bá pe èrò wọlé ti bẹ̀rẹ̀ sí í bá èèyàn sọ̀rọ̀. Ẹ lọ béèrè ní Ẹ̀ka Ẹ̀kọ́ Àkànṣe ní Yunifásítì Ìbàdàn fún ẹni tó lè máa bá yín ṣe é. Àyẹ̀wò jíìnì lè gba oṣù púpọ̀. Páálí wà nílé lónìí.

Ọ̀dọ́ Bódìjà

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o, ẹ̀yin àgbà. Mo ti pé ọdún 26. Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ni mo mọ̀ pé ọ́tísíìmù ni mo ní. Ìṣirò owó ni mò ń ṣe ní ilé iṣẹ́ kan, mo sì fẹ́ràn rẹ̀.

Bí mo bá ti kà á pé wọ́n ń wá jíìnì, ohun tí mo máa ń bi ara mi ni pé kí ni wọ́n fẹ́ fi ṣe? Ṣé láti ràn wá lọ́wọ́ ni àbí kí irú wa má baà wáyé mọ́? Èmi nìkan kọ́ ni ìbẹ̀rù yìí ń mú. Ní England, wọ́n kéde ìwádìí kan ní oṣù kẹjọ 2021, Spectrum 10K, tí yóò gba DNA 10,000 ẹni tó ní ọ́tísíìmù. Àwọn tó ní in fúnra wọn dìde, wọ́n ní wọn ò fi àwọn mọ́ ètò rẹ̀, kò sì pé oṣù kan tí wọ́n fi dá a dúró. Mi ò ta ko ìwádìí. Ó wù mí kí wọ́n ka ti Yorùbá náà. Ṣùgbọ́n kí òbí tó fọwọ́ síwèé fún ọmọ, kó béèrè: ta ni yóò tọ́jú DNA yìí, ọdún mélòó, ṣé wọ́n lè fún ẹlòmíràn, ṣé a lè gbà á padà, ṣé ọmọ mi lè sọ pé òun ò fẹ́ bó bá dàgbà? Bí ìwé náà kò bá ní òǹtẹ̀ ìgbìmọ̀ tó ń ṣọ́ ẹ̀tọ́ ìwádìí, kí ẹ dìde.

Màámi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n máa sọ̀rọ̀ Àkànní lójú rẹ̀ bí ẹni pé kò sí níbẹ̀. Mi ò kì í dáhùn nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún márùn-ún, ṣùgbọ́n gbogbo ohun tí wọ́n sọ ni mo gbọ́.

Nọ́ọ̀sì Ọmọdé (Mọ́kọ́lá)

Mo rí i pé a ò tíì dáhùn ti oyún. Wọ́n tọpa àbúrò àwọn ọmọ tó ní in. Ní 2011, nínú ọmọ 664, bíi 19 nínú 100 ló ní in. Ní 2024 wọ́n tún un ṣe lórí ọmọ tó ju 1,600 lọ, bíi 20 nínú 100. Ó ga gan-an sí i bó bá jẹ́ obìnrin ni ẹ̀gbọ́n tàbí bí ẹ̀gbọ́n méjì bá ní in. Ẹ kà á láti òdì kejì náà: 80 nínú 100 kò ní in. Bí àyẹ̀wò bá sì fi hàn pé ìyípadà tuntun ni ti Àkànní, ó máa ń já wálẹ̀ gan-an. Bí ẹ bá bí i, kí ẹ máa wò ó láti oṣù kẹsàn-án: ṣé ó ń yíjú bí ẹ bá pe orúkọ rẹ̀, ṣé ó ń nàka?

Ìyá Àkànní (Sàńgó)

Ẹ má bínú, ó ti di ọjọ́ mọ́kànlá. Etí rẹ̀ gbọ́ dáadáa. Mo sọ ti àbúrò ìyá mi fún dókítà, mo sì kọ́kọ́ sọ ọ́ fún ọkọ mi kí a tó kúrò nílé. Ó dákẹ́ fúngbà díẹ̀, ó wá bi mí pé ṣé bùrọ̀dá yẹn lè bá òun tún rédíò ọkọ̀ òun ṣe. Ó ti bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀ bí Màmá Olùkọ́ ṣe ní kó sọ ọ́. Wọn ò fèsì. Wọn ò sì tún dárúkọ ìran mi mọ́ láti ìgbà náà.

Páálí ti wà ní pálọ̀. Àná, mo dúró síta, mi ò wọlé. Ó wò mí, ó wo ilẹ̀kùn, ó ní, "Ẹ wọlé." Kò pe Dùgbẹ̀, kò mẹ́nu ba ṣéńjì. Ẹ wọlé nìkan.

Dókítà ti kọ ìwé àyẹ̀wò Fragile X. Ẹni tó bá mọ ibi tí a ti lè ṣe é ní Ìbàdàn níbí láì fi ẹ̀jẹ̀ ránṣẹ́ sókè òkun, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ yìí, kí ẹ sì kọ iye tó jẹ́.